Ọmọ Abíjàn Tí Kò Dọ̀bálẹ̀

Mo ń fi bíléèdì tú sípù ṣòkòtò tíṣà kan nígbà tí ọmọkùnrin náà dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹni tó kọ́kọ́ rán ṣòkòtò náà ti gba orí sípù yẹn kọjá lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí náà ń ṣe ni mo ń já òwú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí aṣọ má baà ya. Ọjọ́rú ni, lẹ́yìn ìrun Àìlá. Mo rántí nítorí pé àtúnṣe nìkan ni mo máa ń ṣe ní Ọjọ́rú, n kì í gé aṣọ tuntun lọ́jọ́ náà.

"Ẹ káàsán, Màmá. Ẹ kú iṣẹ́."

"Káàsán o. Wọlé."

Òun ni ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo fẹ́ fẹ́. Mẹkáníìkì ni, ó ní ibi iṣẹ́ tirẹ̀ lójú ọ̀nà Ìwó. Abíjàn ni wọ́n bí i sí, ó sì ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún kí òun àti ìyá rẹ̀ tó padà wálé lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀. Ìyá náà ń dá oko ẹ̀gẹ́ ní Ìsúndúnrìn. Ọmọkùnrin yìí gbé ọ̀rá kan lọ́wọ́. Aṣọ gínì ọ̀pá mẹ́rin wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ògbólógbòó ṣòkòtò kan.

"Màmá, ẹ bá mi rán bùbá àti ṣòkòtò. Ẹ fi ti àtijọ́ yìí wọ̀n ọ́n. Ẹ má wulẹ̀ fi téèpù da ara yín láàmú."

Mo ti ń rán aṣọ ọkùnrin fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí téèpù kan ara òun, ó ní ohun tó ń pa mọ́. Ṣùgbọ́n mo gba ọ̀rá náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ ohun tó fẹ́ fi aṣọ náà ṣe. Ọkọ mi kú nígbà tí ọmọ wa jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló gba ìtọ́jú ọmọ náà ṣe. Àlàájì ni gbogbo ilé ń pè é, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ń pè é. Awakọ̀ ni tẹ́lẹ̀, ó wa ọkọ̀ láti Ẹ̀jìgbò lọ sí Abíjàn fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ojú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ní báyìí, gáréèjì ló máa ń jókòó sí, ó ń parí ìjà fún àwọn awakọ̀. Òun ló rán ọmọ mi nílé ìwé títí ó fi di tíṣà ní Máṣífà. Kò sí ẹni tó lè so yìgì ọmọ náà lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú Ọjọ́rú yẹn, àwọn ẹbí ọmọkùnrin náà wá kí wa. Àbúrò ìyá rẹ̀ àti àgbà méjì ló kó wá. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ̀bálẹ̀ fún Àlàájì, ewú orí wọn kan ilẹ̀. Nígbà tó kan ọmọkùnrin náà, ó tẹ̀ ba, ó fi ìka kan ilẹ̀, ó sì dìde. Àlàájì rí i. Ó bi wọ́n léèrè nípa òjò àti oko, ó sìn wọ́n jáde. Lẹ́yìn náà ló pè mí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ìyàwó, ṣé o rí ohun tí mo rí?"

"Mo rí i, Àlàájì."

"Wọn ò kọ́ ọ ní nǹkan kan ní Kódífuà. Mo mọ̀ wọ́n. Èmi ni mo gbé wọn lọ, èmi ni mo gbé wọn bọ̀. Bọnsúà, bọnsúà, wọn ó na ọwọ́ sí ẹ bí ẹgbẹ́ ẹ."

"Kò na ọwọ́, Àlàájì."

"Ó kù kó na ọwọ́ ni?"

Ní ìlú wa, bí ọmọ Abíjàn bá ṣe àṣìṣe, kò sí ẹni tó máa wá ìdí mìíràn sí i. Agbára káká ni ènìyàn fi máa rí ilé kan tí kò ní ẹbí lọ́hùn-ún. A mọ àwọn ọmọ náà. Wọ́n lawọ́, wọ́n máa ń fi imú sọ Yorùbá, wọ́n sì máa ń kí àgbà lóòró. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọmọ mi bi í, ó ní ẹ̀yìn ló ń dun òun. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó ní orúnkún ni. Àlàájì gbọ́ méjèèjì, inú sì túbọ̀ bí i.

Ìdájọ́ tó dá ni pé kí ọmọkùnrin náà padà wá ní Àìkú tó bá tẹ̀lé Iléyá, kí ó dá wá, kí ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú òun, kí àyà rẹ̀ kan símẹ́ǹtì. Bí kò bá lè ṣe é, kí ó padà sí Abíjàn lọ wá ìyàwó tí wọ́n ń bọ bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. Àlàájì kì í sọ̀rọ̀ kó yí i padà. Ọmọ mi sunkún ní yàrá mi lọ́jọ́ náà, kò sì jẹun.

Aṣọ tí yóò wọ̀ lọ́jọ́ Àìkú yẹn ni ó gbé wá fún mi.

Mo yí ògbólógbòó ṣòkòtò náà, mo kọ inú rẹ̀ síta. Bí mo ṣe máa ń ṣe nìyẹn, nítorí inú aṣọ kì í parọ́. Ẹsẹ̀ ọ̀tún dára. Ní apá òsì, láti ibi ìpàdé itan wá sísàlẹ̀, aṣọ ti fẹ́lẹ́ débi pé mo lè rí ìka mi gba inú rẹ̀. Ẹnì kan ti tú ojú rírán ibẹ̀, ó fi aṣọ kún un, ó sì fi ọwọ́ rán an pẹ̀lú òwú dúdú. Rọ́bà fífẹ̀ kan wà nínú rẹ̀, wọ́n rán an mọ́ ìgbànú, ó gba abẹ́ kọjá.

Ọmọkùnrin náà wúkọ́. Bó ṣe ń wúkọ́, ó ti ọwọ́ òsì bọ abẹ́ ikùn, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ikọ́ náà fi tán. Mo ti rí ọwọ́ yẹn rí lára ẹlòmíràn. Mo dìde, mo fa kọ́tìnnì ẹnu ọ̀nà.

"Jókòó. Ta ló tún ṣòkòtò yìí ṣe?"

"Èmi ni, Màmá."

"O mọ abẹ́rẹ́ í lò."

"Ọwọ́ màmá mi ni mo ti wò ó."

"Kí ni rọ́bà yìí ń gbé dúró?"

Ó wo ẹ̀rọ ìránṣọ mi bí ẹni pé ẹ̀rọ náà ló bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, ó ní, "Pàdọ́n, Tàńtì. Ẹ fi í sílẹ̀." Bí ẹ̀rù bá bà á, èdè tí wọ́n fi tọ́ ọ ló máa ń sá padà sí.

"Ó ti tó ìgbà wo?"

"Ó ti lé ní ọdún méjì. Ẹ́ńjìnnì kan ni mo gbé."

"Ṣé ó máa ń padà wọlé?"

"Tí mo bá fẹ̀yìn lélẹ̀, tí mo fi ọwọ́ tì í. Ṣùgbọ́n tí mo bá dojú bolẹ̀, á dà bíi pé wọ́n fi irin gún mi. Tí mo bá sì fẹ́ dìde, àfi kí n dì í mú kó má baà yọ." Ó wò mí fún ìgbà àkọ́kọ́. "Màmá, ṣé níwájú Àlàájì ni kí n ti máa di abẹ́ mú?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. N kò rín in.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún un." Ọmọ mi ló ní lọ́kàn. "Wọn á ní onípàá ló fẹ́ ẹ. Mo gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ ní ibi iṣẹ́ nípa bàbá kan. Wọ́n ń fi í kọrin."

Mo sọ ọ̀rọ̀ bàbá mi fún un nígbà náà. N kì í sábà sọ ọ́. Ifẹ̀-Ọ̀dàn ni wọ́n ti bí mi, iṣu ni bàbá mi ń gbìn. Ó ní irú nǹkan yẹn láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ìyá mi ya etí ìró rẹ̀ kan, aláwọ̀ ẹlú, bàbá mi sì ń fi í di abẹ́ ikùn ní àràárọ̀ kó tó lọ sí oko. A kì í sọ nípa rẹ̀. Èmi ni mo máa ń fọ aṣọ náà, ìyá mi a ní kí n sá a sí ẹ̀yìn ilé, kì í ṣe iwájú. Mo wà ní kíláàsì kẹrin girama nígbà tí ó gbé ẹrù iṣu kan ní ọjọ́ kan, nǹkan náà yọ, kò sì padà wọlé mọ́. Ó gbà pé bí òun bá sinmi, yóò wọlé. Ó sinmi láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ó ń bì. Ikùn rẹ̀ le. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e sórí ọ̀kadà láàárín ènìyàn méjì, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Wọn kò gbé e dé ilé ìwòsàn láàyè. Aṣọ ẹlú yẹn ṣì wà lórí okùn lẹ́yìn ilé, torí méjì ni, ó máa ń pààrọ̀ wọn.

"Ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ nìyẹn," mo wí fún ọmọkùnrin náà. "Mo fọ aṣọ yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ẹnì kan nínú wa bá ti la ẹnu, bóyá wọn ì bá ti gbé e lọ."

Ó ká ṣòkòtò rẹ̀ mọ́ ọwọ́.

"Ní Mọ́ńdè," mo ní, "èmi àti ẹ ń lọ sí Òṣogbo."

Ọkọ̀ Òṣogbo la wọ̀ ní aago mẹ́fà ààbọ̀. Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì bi mí bóyá èmi ni ìyá rẹ̀. Mo ní èmi ni. Ọmọkùnrin náà wò mí. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn kọ́tìnnì, wọ́n fi ẹ̀rọ wo abẹ́ ikùn rẹ̀, wọ́n gba ohun tí wọ́n máa yẹ̀ wò lára rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì la padà lọ gba èsì. Dókítà náà kéré lọ́jọ́ orí, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀. Ó fa ìwé kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán.

"Ibí yìí ni ògiri ikùn rẹ̀ ti fẹ́lẹ́. Ìfun rí ọ̀nà, ó ń gba ibẹ̀ jáde. Ìyẹn la máa dí. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn tún wà." Ó ya ìlà mẹ́ta mẹ́rin tó wọ́ kọ́lọkọ̀lọ. "Àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà láti ibi kórópọ̀n rẹ̀ òsì ti wú. Wọ́n lọ́ mọ́ra."

Bí òwú ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ bá tú, yóò kó ara jọ sábẹ́ aṣọ, yóò ga, yóò dì. Bí mo ṣe rí ohun tó yà nìyẹn.

"Ṣé èyí lè pa á?" mo bi í.

"Rárá, Màmá. Èyí tó lè pa á ni ti ìfun, bí ó bá há síta. Ti iṣan yìí lè jẹ́ kí ọmọ pẹ́. Àyẹ̀wò tí a ṣe fi hàn pé irúgbìn rẹ̀ kò pọ̀ tó bó ṣe yẹ. Bí a bá dí àwọn iṣan náà, ó lè sàn sí i. N kò lè ṣèlérí."

Ọmọkùnrin náà dorí kodò. Mo rí i pé èyí dùn ún ju ti ikú lọ.

Dókítà wá sọ bí wọ́n ṣe máa ṣe é. Wọn kò ní la ikùn rẹ̀. Ihò mẹ́ta ni wọ́n máa lu, kò sí èyí tó gùn ju èékánná lọ. Wọ́n á fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ikùn rẹ̀ kí ó lè ga bí àgọ́, wọ́n á ti kámẹ́rà tín-ín-rín gba ìdodo wọlé, wọ́n á máa wo inú rẹ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n á fa ìfun padà sí àyè rẹ̀, wọ́n á sì fi àwọ̀n kan lẹ ibi tó fẹ́lẹ́. Láti inú ihò kan náà ni wọ́n á ti dí àwọn iṣan tó wú, ẹ̀jẹ̀ á wá ọ̀nà mìíràn gbà.

"Láti inú lẹ ó ti lẹ̀ ẹ́?" mo bi í.

"Láti inú, Màmá."

Mo gbà á gbọ́ nígbà náà. Bí a bá lẹ aṣọ láti òde, ohun tó ń tì í láti inú ló máa já a. Ṣùgbọ́n èyí tí a bá lẹ̀ láti inú, bí nǹkan bá ṣe ń tì í tó ni yóò ṣe máa fún ara rẹ̀ mọ́ aṣọ tó. Bàbá mi fi aṣọ di òde fún gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀.

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa padà, mo sọ fún ọmọkùnrin náà pé ó gbọ́dọ̀ sọ fún ọmọ mi, ti ìfun àti ti iṣan.

"Màmá, mo ti bẹ̀ yín pé kí ẹ má sọ."

"N kò ní sọ. Ìwọ lo máa sọ. Ṣùgbọ́n n kò ní gé aṣọ rẹ títí o ó fi sọ ọ́."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Aṣọ lẹ fi dè mí, Màmá."

"Aṣọ ni mo ní."

Ó sọ ọ́ ní ọjọ́ Jímọ̀, ní ṣọ́ọ̀bù mi, nígbà tí ọmọ mi ti Máṣífà dé pẹ̀lú ẹfun ìkọ̀wé lọ́wọ́. Mo fẹ́ jáde fún wọn. Ọmọkùnrin náà ní kí n dúró. Ó sọ gbogbo rẹ̀ tán, ó wo ilẹ̀. Ọmọ mi wò ó, ó wò mí.

"Ìyá mi lẹ kọ́kọ́ sọ fún."

"Wọ́n rí i lára ṣòkòtò ni."

"Ṣé ìyá mi lẹ fẹ́ fẹ́ ni?"

"Rárá o."

"Ẹ̀yìn. Ẹ tún ní orúnkún. Èmi ń fi òróró pa orúnkún yín." Ó jókòó lórí àpótí tí mo máa ń kó ègé aṣọ sí. Inú ń bí i, ṣùgbọ́n omi ti wà lójú rẹ̀. "Ti ọmọ yẹn, bó bá pẹ́, kó pẹ́. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi wá èmi. Ṣé ẹ máa là á já? Ìyẹn ni kí ẹ sọ fún mi."

"Dókítà ní mà á là á já."

"Dókítà ò mọ̀ yín. Ẹ̀yin ni mo ń bi."

"Mà á là á já."

Mo na aṣọ gínì náà sórí tábìlì, mo mú sísọ́ọ̀sì.

Ní ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, èmi, ọmọ mi àti ìyá ọmọkùnrin náà la jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan. Ọmọkùnrin náà ti sọ fún ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìyá náà, Onígbàgbọ́ tó fẹ́ Mùsùlùmí, ń ka Sáàmù sábẹ́ ètè, èmi ń fa tẹ̀sùbáà, ọmọ mi wà láàárín wa, ó ń jẹ èékánná rẹ̀. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ìyá náà pa Bíbélì dé, ó yíjú sí mi.

"Àna mi, ẹ ṣe é o. Ọmọ tí mo bí, tí mo pọ̀n, ẹ̀yin lẹ wá mọ ohun tó wà nínú ṣòkòtò rẹ̀."

"Màmá," ni ọmọ mi wí, ó fi ọwọ́ bojú.

A rẹ́rìn-ín títí nọ́ọ̀sì fi yọjú sí wa.

Kò pé wákàtí méjì tí wọ́n fi gbé e jáde. Nígbà tí oorun oògùn dá lójú rẹ̀, kì í ṣe ikùn ló kọ́kọ́ mẹ́nu bà. Ó ní èjìká ọ̀tún ń dun òun. Ìyá rẹ̀ dìde. Ó bi nọ́ọ̀sì bóyá èjìká ni wọ́n lọ ṣe fún un. Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé pé afẹ́fẹ́ tí wọ́n fẹ́ sí ikùn ló ń fa ìrora yẹn, pé yóò lọ láàárín ọjọ́ méjì. Ọmọ mi ń fi ọwọ́ pa èjìká náà fún un. "Yákò," ó ń wí, "yákò." Bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn kú ìrora ní Abíjàn nìyẹn. Lọ́dọ̀ rẹ̀ ló ti kọ́ ọ.

Ní ọjọ́ kejì ló fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sínú ọkọ̀. Kí a tó kúrò, mo bi dókítà ní ìbéèrè kan. Mo ní, ìdọ̀bálẹ̀ ńkọ́? Ó ní kò sí ẹni tó bi òun ní èyí rí. Mo ṣàlàyé fún un: àyà kan ilẹ̀, ènìyàn a sì fi ọwọ́ àti ikùn ti ara rẹ̀ dìde. Ó rò ó. Ó ní kí ó máa jókòó kírun ná, kí ó má gbé ẹrù, kí ó má sì ṣe ìyẹn títí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà fi pé.

Mo kà á lórí kàlẹ́ńdà. Àìkú tí Àlàájì dá bọ́ sí ọjọ́ kẹrìnlélógún lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà.

Mo lọ bá Àlàájì ní gáréèjì. Mo kúnlẹ̀, mo ní kí ó bá wa sún ọjọ́ náà síwájú, ara ọmọkùnrin náà kò yá.

"Èwo ló dé báyìí?" ó bi mí. "Ẹ̀yìn ni àbí orúnkún? Àbí ó ti kan ọrùn?"

Àwọn awakọ̀ tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. N kò lè sọ ọ̀rọ̀ yẹn láàárín wọn. Bí n kò bá tilẹ̀ sí láàárín wọn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ mi láti sọ. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Àlàájì."

"Ọjọ́ Àìkú, Ìyàwó. Mo ti sọ ọ́."

Mo sọ fún ọmọkùnrin náà. Ó ní òun á lọ, pé bí ó bá di dandan, òun á dojú bolẹ̀. Ọmọ mi ní kò gbọdọ̀ ṣe é. Wọ́n jà. Ó ní ìyàwó ni òun ń wá. Ọmọ mi ní opó ni òun máa dà. N kò dá sí i.

Ní ọjọ́ Àìkú, ó wọ gínì náà dé ilé Àlàájì. Ó bá a mu. Mo jókòó sí ìdí ògiri, níbi tí mo máa ń jókòó sí. Àlàájì wà lórí àga rẹ̀, ó gbé ojú lé ẹnu ọ̀nà. Ọmọkùnrin náà kí i. Àlàájì ń dúró. Mo rí i tí ọmọ náà fa ẹ̀mí sínú, tó tẹ̀, tó fi ọwọ́ méjèèjì kan ilẹ̀, tó fẹ́ na ẹsẹ̀ sẹ́yìn.

"Má ṣe é," mo ní.

Àlàájì yíjú sí mi. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé mi wọ ilé yẹn, n kò tíì ta ko ọ̀rọ̀ rẹ̀ rí.

"Ìyàwó?"

Ọmọkùnrin náà ló gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Ó wà lórí orúnkún méjèèjì.

"Àlàájì, ẹ má bínú. Kì í ṣe Abíjàn ni kò jẹ́ kí n dọ̀bálẹ̀. Ìpá ni mo ní."

Ọ̀rọ̀ yẹn, ẹlòmíràn ni àwọn ọkùnrin máa ń sọ ọ́ sí. N kò tíì gbọ́ kí ọkùnrin kan sọ ọ́ sí ara rẹ̀ rí. Ó sọ ọ́ ní ọ̀sán gangan, pẹ̀lú fèrèsé ní ṣíṣí.

"Wọ́n ti ṣe é, sà. Ó pé ọjọ́ mẹ́rìnlélógún lónìí. Dókítà ní kí n má tíì dojú bolẹ̀. Irọ́ ni mo pa nípa ẹ̀yìn, irọ́ ni mo pa nípa orúnkún. Ojú ló ń tì mí. Bí ẹ bá ní kí n dọ̀bálẹ̀ báyìí, mà á dọ̀bálẹ̀."

Àlàájì yọ ìgò ojú rẹ̀, ó fi etí agbádá nù ún, ó wọ̀ ọ́ padà.

"Ibo ni wọ́n ti là ọ́?"

"Wọn ò là mí, sà. Ihò mẹ́ta ni wọ́n lù."

"Ihò bíi ti kí ni? Fi hàn mí."

Ọmọkùnrin náà dìde, ó gbé bùbá rẹ̀ sókè. Mo yí ojú mi sápá kan, ṣùgbọ́n mo rí Àlàájì tó tẹ̀ síwájú lórí àga, tó na ìka, tí kò sì fi kan ara ọmọ náà.

"Èyí tó dà bí ibi tí ẹ̀fọn jẹ yìí?"

"Òun ni, sà. Òmíràn wà níhìn-ín. Ìkẹta wà nínú ìdodo."

"Èyí náà sì ni wọ́n gbà wọ inú rẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ṣé ó dùn ẹ́?"

"Èjìká ló dùn mí jù, sà."

"Èjìká." Àlàájì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kékeré tó gba imú jáde. "Ẹ ti gbọ́ ti ẹ̀yìn, ẹ ti gbọ́ ti orúnkún, ó wá ku èjìká. Jókòó. Sórí àga, kì í ṣe ilẹ̀." Ó dúró kí ó jókòó tán. "Mi ò fi ìdọ̀bálẹ̀ mi jì ọ́ o. Ọjọ́ tí dókítà bá ní ó yá, o ó wá, mà á sì ka iye ìgbà tí àyà rẹ kan ilẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ní dí yìgì lọ́wọ́. Lọ pe ọmọ mi wá fún mi, mo mọ̀ pé ẹ̀yìn ilé ló wà, ó ń gbọ́ wa."

Ọmọkùnrin náà jáde, ó ń yára bí ẹni tí kò lè yára tó bó ṣe fẹ́.

Mo dìde láti tẹ̀ lé e. Àlàájì náà dìde, ó bá mi dé ẹnu ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ kò sìn mí rí. Ó fara ti férémù ilẹ̀kùn, ó ń wo títì. Ó bi mí bí ọ̀nà Òṣogbo ṣe rí báyìí. Mo sọ fún un. Ó bi mí iye ọjọ́ tí ọmọ náà lò níbẹ̀. Mo ní ó sùn síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó bi mí bóyá ó mọ nǹkan kan nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Mo ní kò mọ nǹkan kan. Ó mi orí. Mo rò pé ó ti tán, mo fẹ́ kúnlẹ̀ kí n máa lọ. Nígbà náà ló rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kò sì wo ojú mi.

"Ìyàwó, dókítà yẹn, ṣé ó máa ń ṣe é fún àgbàlagbà?"